Owó Ìjọba Àpapọ̀ fún Ààbò Kọ̀ǹpútà Ìjọba Ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ètò tí à ń sọ níbí ni State and Local Cybersecurity Grant Program, tí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè ní SLCGP. A kọ ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì káńtì, ìlú tàbí àjọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, àti fún àwọn tó ń san owó orí níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ mọ ọ̀nà tí owó náà ń gbà. Ẹ má gbàgbé ohun kan bí ẹ ṣe ń kà á lọ: kì í ṣe ìlú tí ìyà ń jẹ jù ni owó yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìlú tó mọ ohun tó ní, tó sì mọ ohun tó kù fún un, ni owó náà máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí ìjọba àpapọ̀ fi gbé owó kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí?

Àwọn olè orí ayélujára ti rí i pé ilẹ̀kùn ìjọba ìbílẹ̀ kò lágbára, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ṣeé dá dúró. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2018, ransomware kan (irú sọ́fítíwià tí àwọn olè fi ń ti fáìlì pa, tí wọ́n á sì béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i) tí wọ́n ń pè ní SamSam ti fáìlì ìlú Atlanta pa. Bitcoin tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí 51,000 dọ́là ni wọ́n béèrè. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ìlú dúró, àwọn aráàlú kò rí owó omi san lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọlọ́pàá sì pàdánù fídíò tí kámẹ́rà inú ọkọ̀ wọn ti ká sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó kan Baltimore. Bitcoin 13, nǹkan bí 76,000 dọ́là lásìkò yẹn, ni wọ́n ní kí ìlú náà san. Ìlú náà kọ̀. Ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ kú. Ẹni tó ń ra ilé lọ́wọ́ kò rí i parí, torí ọ́fíìsì ìlú kò lè sọ bóyá gbèsè wà lórí ilé náà. Bíìlì omi kò jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa ro owó tí wọ́n ná pọ̀ mọ́ èyí tí kò wọlé, ó ti lé ní mílíọ̀nù 18 dọ́là.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ó lé ní ogún ìjọba kéékèèké tó kàgbákò ní Texas láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn olè náà gba inú sọ́fítíwià tí agbaṣẹ́ṣe kan fi ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè wọlé. Mílíọ̀nù 2.5 dọ́là ni wọ́n béèrè, kò sì sẹ́ni tó san án.

Ìlú ńlá ni Atlanta àti Baltimore, wọ́n níbi tí wọ́n ti lè yá owó. Ìlú tí èèyàn 4,000 ń gbé, tó jẹ́ pé akọ̀wé ìlú ló tún ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò ní ohun tó máa fi gbé ara rẹ̀ dìde. Òun gan-an ni òfin Infrastructure Investment and Jobs Act ní lọ́kàn, èyí tí Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Inú òfin náà ni SLCGP ti jáde.

Èló ni gbogbo owó náà?

Bílíọ̀nù kan dọ́là fún ọdún ìnáwó mẹ́rin: mílíọ̀nù 200 fún 2022, mílíọ̀nù 400 fún 2023, mílíọ̀nù 300 fún 2024, mílíọ̀nù 100 fún 2025. Ohun tí wọ́n pín gan-an dín díẹ̀ sí èyí, nítorí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó àmójútó. Mílíọ̀nù 185 ni wọ́n gbé síta ní 2022, mílíọ̀nù 374.9 ní 2023.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ń gba ìdá 1 nínú 100. Ìdajì ohun tó bá ṣẹ́ kù, iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín in. Ìdajì kejì, iye èèyàn tó ń gbé ní ìgbèríko ni wọ́n ń wò. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ló ń mójú tó owó; CISA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò kọ̀ǹpútà, ló ń wo ìmọ̀ iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Abẹ́ iléeṣẹ́ Homeland Security ni àjọ méjèèjì wà.

Ṣé ìlú wa lè kọ̀wé tààrà sí FEMA?

Rárá. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ń bá FEMA sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní State Administrative Agency, SAA. Gómìnà ló ń yàn án. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì yìí kan náà ló ń pín owó ààbò ìlú àti owó pàjáwìrì. SAA gba owó, lẹ́yìn náà ló wá pín in fún ìjọba ìbílẹ̀.

Òfin kò fi pínpín náà sílẹ̀ fún ojú àánú ìpínlẹ̀. Ó kéré tán, ìdá 80 nínú 100 owó náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdá 25 nínú 100 gbogbo owó sì gbọ́dọ̀ dé ìgbèríko, ìyẹn agbègbè tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 50,000. Láàárín ọjọ́ 45 tí owó bá ti dé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti pín in. Bí ẹ bá wà ní ìlú kékeré, ẹ fi ìdá 25 yìí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń bá SAA sọ̀rọ̀: ìpínlẹ̀ ń wá ìgbèríko tó máa gbà á, torí bí kò bá rí wọn, òun ló máa jẹ́bi òfin.

Ta ni wọ́n ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀?

Káńtì, ìlú, abúlé, àjọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àjọ omi tàbí iná tó jẹ́ ti ìjọba, àti ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tó para pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan. Iléeṣẹ́ aládàáni àti ẹgbẹ́ aláàánú kò lè gbà á. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ìlú tó gbà á. Ètò ọ̀tọ̀ wà fún àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, Tribal Cybersecurity Grant Program ni orúkọ rẹ̀.

Ta ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe?

Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìṣètò. Aṣojú ìpínlẹ̀, káńtì, ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ètò ìlera gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbèríko, àrọko ìlú àti ìlú ńlá náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣojú wọn. Ìdajì ọmọ ìgbìmọ̀, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí ààbò kọ̀ǹpútà rí. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń kọ ètò ààbò fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ohun 16 ni òfin ní kó wà nínú ètò náà, CISA ló sì ń fọwọ́ sí i.

Ẹ wá ètò ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì kà á. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá béèrè owó fún gbọ́dọ̀ ní ibi tó so mọ́ nínú ètò yẹn. A ti rí ìwé ìbéèrè tó dára tí wọ́n dá padà kìkì nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ kò fi hàn pé èyíkéyìí nínú ohun 16 náà ni iṣẹ́ rẹ̀ bá mu.

Èló ni ìlú máa mú wá láti àpò ara rẹ̀?

Ibí yìí ni ìṣirò ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ní 2022, ìdá 10 nínú 100 ni owó àjọdá, ìyẹn ìpín tí ìjọba àpapọ̀ kò san. Ó di ìdá 20 ní 2023, ìdá 30 ní 2024, ìdá 40 ní 2025. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé e sókè lọ́dọọdún, kí ìjọba ìbílẹ̀ lè máa fi í sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo owó iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń ṣírò ìdá yìí, kì í ṣe owó tí ìjọba àpapọ̀ mú wá. Ká ní owó ọdún 2024 ni, tí ìjọba àpapọ̀ fún yín ní 70,000 dọ́là. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣírò ìdá 30 nínú 70,000, wọn á ní 21,000 dọ́là ni tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 70 nínú 100 iṣẹ́ ni 70,000 yẹn, nítorí náà gbogbo iṣẹ́ jẹ́ 100,000, tiyín sì jẹ́ 30,000. Ẹni tó bá fi 21,000 lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú máa ní láti padà lọ béèrè 9,000 sí i, ìgbìmọ̀ kì í sì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Kò di dandan kó jẹ́ owó lásán. Wákàtí tí òṣìṣẹ́ yín fi ṣe iṣẹ́ náà lè wọ inú rẹ̀, bí SAA bá gbà bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́, iye wákàtí, ohun tó ṣe, iye tí ìlú ń san fún un ní wákàtí kan. Ọjọ́ tí ó ṣe é gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ di ìparí ọdún ń kọ ohun tó rò pé òun ṣe, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò sì mọ ìyàtọ̀. Owó ìjọba àpapọ̀ mìíràn kò lè di owó àjọdá, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ẹ ti kà fún ètò mìíràn kò ṣeé kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan gbọ́ pé tí ẹni púpọ̀ bá para pọ̀, owó àjọdá máa fi ìdá 10 dín. Òótọ́ ni, àmọ́ ìpínlẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin ń sọ. Ìlú mẹ́ta nínú káńtì kan kò sí nínú rẹ̀. Kí ìlú para pọ̀ ṣì dára fún ìdí mìíràn, torí iye láísẹ́ǹsì tí wọ́n máa jọ rà á mú owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ tún bi SAA léèrè bóyá ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń san owó àjọdá, torí àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí la lè fi owó náà ṣe, kí ló sì yẹ kó ṣáájú?

Ohun tí ẹ lè rà pọ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fi ohun tó ń dán bẹ̀rẹ̀. Àwọn olè tó wọ ìjọba ìbílẹ̀ kì í sábà lo ọgbọ́n àrà ọ̀tọ̀. Pásíwọọ̀dù tí ẹnì kan ti jí, sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pèsè fáìlì àti ètò fún àwọn yòókù) tí wọn kò tún ṣe láti ọdún pípẹ́, tàbí ímeèlì ẹ̀tàn tí ẹnì kan tẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà wọlé.

MFA ni kó ṣáájú, ìyẹn kí ẹni tó fẹ́ wọlé fi ohun kejì hàn lẹ́yìn pásíwọọ̀dù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí àkáǹtì àwọn alábòójútó, ímeèlì, àti ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ fi ń wọlé láti ilé. Nọ́ńbà tí ó ń wọlé sórí fóònù sàn ju kó má sí lọ, ṣùgbọ́n olè lè tan òṣìṣẹ́ kó ka nọ́ńbà náà fún òun. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń kì bọ USB, tó ń lo ìlànà FIDO, kò ṣeé tàn bẹ́ẹ̀. Ẹ ra méjì fún alábòójútó kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ọjọ́ tó bá sọ nù ni iṣẹ́ máa dúró, èèyàn á sì pa MFA náà kó lè ráyè wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sọ́fítíwià tí ẹni tó ṣe é kò tún un ṣe mọ́. Microsoft dá àtúnṣe Windows Server 2012 R2 dúró ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó sì dá ti Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àyàfi fún ẹni tó bá wọ ètò àfikún. Àwọn ọ́fíìsì ìlú ṣì ń fi irú sáfà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nítorí pé ètò owó orí tàbí owó omi wọn kò bá tuntun mu. Bí ẹ kò bá tíì lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀dà àfipamọ́ ló kàn, ibẹ̀ la sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Àwọn tó ń lo ransomware máa ń wá ẹ̀dà àfipamọ́ kiri kí wọ́n tó ti fáìlì pa, torí wọ́n mọ̀ pé ìlú tó bá ní ẹ̀dà kò ní san owó. Bí ẹ̀dà náà bá wà lórí sáfà tí pásíwọọ̀dù alábòójútó kan náà ṣí, ó ti bá fáìlì lọ. Ẹ̀dà mẹ́ta ni ó yẹ, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn, kí ọ̀kan má sì so mọ́ ẹ̀rọ kankan tàbí kó jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè pa rẹ́. Ní Baltimore, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn pé àwọn kan nínú ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ìlú gan-an ń pa fáìlì mọ́ sínú kọ̀ǹpútà tara wọn nìkan, láìsí ẹ̀dà, àwọn fáìlì náà sì ṣègbé.

Níní ẹ̀dà nìkan kò tó. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ mú sáfà kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti gbé ètò owó omi padà sórí rẹ̀ látinú ẹ̀dà. Ẹ wo aago. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa rí i pé fáìlì padà wá, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì ètò náà kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tuntun. Ó sì lè jẹ́ pé inú sáfà tó kú ni pásíwọọ̀dù tó ń ṣí ẹ̀dà náà wà, tàbí pé ọjọ́ mẹ́ta ni ohun tí ẹ rò pé ó máa gba wákàtí mẹ́ta gbà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ẹ kọ ọ́ sí lè má ṣí.

Lẹ́yìn náà ni EDR, sọ́fítíwià tó ń ṣọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè ẹni tó máa dáhùn nígbà tó bá ké ní aago méjì òru ọjọ́ Sátidé, torí òpin ọ̀sẹ̀ àti àsìkò ìsinmi ni àwọn olè fẹ́ràn. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ ra èyí tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru bá a wá, kódà bí iye kọ̀ǹpútà tí owó náà máa ká bá dín kù.

Orúkọ .gov náà wà lára ohun tí ètò yìí ń tì lẹ́yìn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2021, ọ̀fẹ́ ni orúkọ náà fúnra rẹ̀. Gbígbé ímeèlì àti ojú ìwé ìlú lọ síbẹ̀ ló ń náni lówó, ẹ sì lè béèrè owó fún ìyẹn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ìkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáfà, àti fífi kọ́ọ̀dù bo dátà náà wà nínú rẹ̀.

Kí ni a kò gbọ́dọ̀ fi owó náà ṣe?

Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi san owó tí olè béèrè. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi san owó adójútòfò. Kò sí kíkọ́ ilé, kò sí ríra ilẹ̀, kò sí ohun ìgbafẹ́. Ẹ kò sì lè fi dípò owó tí bọ́jẹ́ẹ̀tì yín ti yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀: bí ìlú bá ti ń san owó sọ́fítíwià kan lọ́dọọdún, ẹ kò lè gbé e sórí ìjọba àpapọ̀ kí ẹ wá ná tiyín síbòmíràn. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun èlò tí òfin àpapọ̀ kà léèwọ̀. Owó yìí kò gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ Huawei, ZTE, Hikvision, Dahua tàbí Hytera tí òfin ọdún 2019 dárúkọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá ẹ̀yà ara wọn wà nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ mìíràn.

SAA ní òun kò ní fún wa lówó, pé iṣẹ́ ni òun máa ṣe fún wa. Ṣé ó tọ́?

Ó tọ́, bí ẹ bá gbà. Ìpínlẹ̀ lè ra EDR tàbí MFA fún gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì kà á mọ́ ìdá 80 tó jẹ́ tiyín. Ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà, kí ìwé náà sì sọ iye owó tí wọ́n ń dá dúró àti ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Fún ìlú tí kò ní ẹni tó lè ṣe ìwé owó ìjọba àpapọ̀, èyí ló sàn jù lójú tiwa. Ẹ kò ní wá agbaṣẹ́ṣe, ẹ kò ní kọ ìròyìn ìnáwó. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ọdún mélòó ni láísẹ́ǹsì náà, ta ló máa san án lẹ́yìn ìyẹn, àti ta ló máa rí dátà ìlú yín nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń ṣọ́ ọ.

Kí ni a gbọ́dọ̀ gbà láti ṣe bí a bá gba owó?

Ètò náà ní kí ẹni tó bá gbà á wọ iṣẹ́ àyẹ̀wò CISA tí wọ́n ń pè ní Cyber Hygiene. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò sì ní láti dúró di ìgbà tí owó bá dé. CISA á máa wo àdírẹ́sì IP yín tó kọjú sí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sì fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìròyìn náà máa ń to àléébù sí bó ṣe le tó. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí CISA kọ pé àwọn olè ti ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, kódà bí kì í bá ṣe òun ló le jù nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá rí i pé pọ́ọ̀tù 3389 ṣí, ẹ pa á lọ́jọ́ náà: ọ̀nà tí èèyàn fi ń jókòó sójú kọ̀ǹpútà Windows láti òkèèrè nìyẹn, àwọn olè sì ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kárí ayé ní gbogbo wákàtí.

Ìbéèrè ọdọọdún tún wà, Nationwide Cybersecurity Review. Ìlú ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn, tó ń fi 1 sí 7 díwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé máàkì yín ga. Máàkì tó kéré tó sì jẹ́ òótọ́ ni ẹ̀rí tó dára jù pé ẹ nílò owó.

Báwo la ṣe ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀: gbogbo kọ̀ǹpútà, gbogbo sáfà, oríṣi sọ́fítíwià tó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ máa dópin, àti orúkọ gbogbo ẹni tó ní agbára alábòójútó. Àkáǹtì tí wọn kò tíì tì pa, tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni ẹ máa kọ́kọ́ rí.

Ẹ gba UEI, àmì ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń mọ ẹni tó ń gba owó rẹ̀, ní SAM.gov, ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn kan máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí ẹ san owó kí wọ́n bá yín gbà á. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìlú tó ń gbowó láti ọwọ́ ìpínlẹ̀ kò nílò ju UEI lọ, kò ní láti parí gbogbo ìforúkọsílẹ̀ SAM.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìwé iṣẹ́. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni gbólóhùn tí kò ní ojú. "A fẹ́ ra ohun èlò ìgbàlódé láti mú ààbò wa sunwọ̀n" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń kà á. Bí àpẹẹrẹ, èyí sọ nǹkan: "Òṣìṣẹ́ 62 ló ń lo ímeèlì ìlú, 9 péré ló ní MFA. Sáfà owó omi ń lo Windows Server 2012 R2. A fẹ́ fi MFA sórí àkáǹtì 62 láàárín oṣù mẹ́ta, kí a sì pààrọ̀ sáfà náà láàárín oṣù mẹ́jọ. Igbákejì akọ̀wé ìlú ló máa mójú tó o." Ẹni tó bá ka èyí mọ ohun tó ń san owó fún, ó sì mọ ọjọ́ tó máa wá wò ó.

Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí owó àjọdá kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ má sì ná kọ́bọ̀ kí àdéhùn pẹ̀lú ìpínlẹ̀ tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú ìbuwọ́lù, torí ohun tí ẹ bá rà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ fi owó ara yín rà á.

Agbaṣẹ́ṣe wa ní òun máa bá wa kọ ìwé náà. Ṣé ká gbà?

Ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ìlànà ìnáwó ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó bá kọ àpèjúwe ohun tí ẹ fẹ́ rà kò lè wá díje fún iṣẹ́ náà. Bó bá bá yín kọ ọ́, tó sì tún gbaṣẹ́, ìjọba lè gba owó náà padà lọ́wọ́ ìlú. Ọwọ́ ìlú ni wọ́n ti ń gbà á, kì í ṣe ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ẹ lè bi í ní iye tí nǹkan jẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ìtàn Texas náà sì kọ́ wa ní ohun tó yẹ kó wà nínú àdéhùn iṣẹ́: MFA lórí ọ̀nà tí agbaṣẹ́ṣe ń gbà wọlé, pásíwọọ̀dù tó yàtọ̀ fún ìlú kọ̀ọ̀kan, àti iye wákàtí tí kò gbọ́dọ̀ kọjá kó tó sọ fún yín bí olè bá wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà wo ni owó máa dé ọwọ́ wa?

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìlú ló ń kọ́kọ́ san, wọ́n á wá dá a padà. Ìlú kékeré tí kò ní owó nílẹ̀ lè há síbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá SAA lè san díẹ̀ ṣáájú. Kí ẹ tó rí owó gbà padà, ẹ máa nílò iye tí àwọn tó díje dá, ìwé àṣẹ ìrà, ìwé owó, ẹ̀rí pé ẹ ti san, àti ẹ̀rí pé nǹkan náà dé. Oṣù 48 ni ìjọba àpapọ̀ fún ìpínlẹ̀ láti ná owó ọdún kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ máa dá fún yín máa ń ṣáájú ìyẹn.

Bí olè bá ti wọlé ńkọ́? Ṣé ká sanwó?

FBI kò gbani nímọ̀ràn pé kéèyàn san. Ní 2019, ìlú Riviera Beach ní Florida gbà láti san bitcoin 65, nǹkan bí 600,000 dọ́là. Ẹni tó bá san kò ní ìdánilójú pé gbogbo fáìlì máa padà, ẹ̀dà tí àwọn olè ti kó lọ sì wà lọ́wọ́ wọn síbẹ̀. Ẹ yọ ẹ̀rọ tó kàn kúrò lórí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà, ẹ má pa iná rẹ̀, torí ẹ̀rí wà nínú mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ẹ pe FBI àti CISA. Ẹ pe iléeṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó pe agbaṣẹ́ṣe kankan, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó ẹni tí wọn kò yàn.

Owó mìíràn wà fún ilé-ẹ̀kọ́?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí ètò àdánwò ààbò kọ̀ǹpútà fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé, mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀tọ̀ ni sí SLCGP. Owó ìjọba àpapọ̀ ni méjèèjì, ẹ kò sì lè fi ọ̀kan ṣe owó àjọdá èkejì.

Ará ìlú lásán ni mí. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú tàbí ti àjọ ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí wọ́n ti ń fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ṣé ìlú wa wà nínú Cyber Hygiene ti CISA, ìgbà wo ni a gbé ẹ̀dà àfipamọ́ padà sórí ẹ̀rọ kẹ́yìn láti dán an wò, ṣé a béèrè owó SLCGP lọ́wọ́ ìpínlẹ̀? Ẹ má béèrè orúkọ ẹ̀rọ tàbí ibi tí àléébù wà, torí àwọn olè náà ń wo fídíò ìpàdé.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó bá tán?

Owó ọdún 2025 ni ìkẹyìn nínú mẹ́rin tí òfin 2021 kà sílẹ̀. Láísẹ́ǹsì ni ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìlú rà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń san án. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn ni kí ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí àti iye rẹ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìlú kò ní lè san EDR tó ń ná 18,000 dọ́là lọ́dún, ẹ fi owó náà ṣe ohun tí kò ní béèrè owó mìíràn: pípààrọ̀ sáfà àtijọ́, yíya ìsokọ́ra sọ́tọ̀-sọ́tọ̀, gbígbé ímeèlì lọ sí .gov, kọ́kọ́rọ́ FIDO. Ẹ sì tọ́jú gbogbo ìwé ìnáwó fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ìròyìn ìkẹyìn. Ẹ fi wọ́n síbi tí ẹni tó bá rọ́pò yín ti lè rí wọn, torí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò sábà máa ń dé lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti lọ.